Ráńṣì ni àbí gàá? Àlàyé láti ọ̀dọ̀ ẹbí tó ń sin màálù lẹ́yìn Òṣogbo

Tí ọ̀rọ̀ màálù bá bẹ́ sílẹ̀ nínú kòrópe láti Ọláìyá dé Òkè-Baálẹ̀, mo ti máa ń mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ẹnì kan á ní, "Kí wọ́n ṣáà lọ ṣe ráńṣì, kí gbogbo wàhálà yìí tán." Ẹni tó jókòó tì í á fèsì pé ráńṣì tí wọ́n ń pariwo yẹn, ọgbọ́n láti gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ á wá béèrè pé báwo ni èèyàn ṣe máa ti màálù mọ́lé bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹran náà ò fi ní kú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́kàn wọn.

Iṣẹ́ yìí ni ẹbí wa ń ṣe. Bàámi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, lórí ilẹ̀ tí bàbá tó bí wọn fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkìrun. Ogún màálù là ń sìn. Wọ́n máa ń lé díẹ̀ tí abo bá bímọ, wọ́n máa ń dín díẹ̀ tí a bá tà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bínú síra wọn lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì là yé wọn, nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Àwọn orúkọ ló kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ rú. Gàá ni ibùdó àwọn Fúlàní: ilé wọn wà níbẹ̀, ìyàwó àti ọmọ wọn wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹran ń sùn lálẹ́. Ilẹ̀ gàá sábà máa ń jẹ́ ti onílẹ̀ tó gbà wọ́n láàyè, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹran á jáde lọ jẹko níbi tí ẹsẹ̀ bá gbé e dé. Kárà ní tirẹ̀, ọjà ni. Màálù tó wà ní kárà ń dúró de oníbàárà ni, kò gbé ibẹ̀ dàgbà. Kọ́lọ́nì màálù ni orúkọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 fún ètò ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó àwọn darandaran àti ẹran wọn jọ sí, Rúgà ni wọ́n sì pe èyí tó tẹ̀ lé e ní 2019. Ariwo gba ilẹ̀ kan lórí Rúgà, wọ́n sì dá a dúró ní oṣù Keje ọdún yẹn. Pápá ìjẹko ìjọba tún wà, èyí tí òfin Ẹkùn Àríwá ti ọdún 1965 fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kí ọ̀pọ̀ olówó ẹran lè máa lò ó pọ̀.

Ráńṣì kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ilẹ̀ tó ní olówó ni, tí ọgbà yí ká, tí ẹni tó ni ín ń gbin oúnjẹ ẹran sí, tí ẹran rẹ̀ kì í sì kọjá ààlà. Olówó ilẹ̀ náà lè jẹ́ ìjọba, ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹbí bíi tiwa. Nígbà tí àwọn gómìnà ìhà Gúúsù pàdé ní Àsábà ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tí wọ́n fẹnu kò láti fòfin de ìjẹko gbangba, dída ẹran kiri ni wọ́n ń bá wí. Wọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sin màálù mọ́. Èkìtì ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2016. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan náà ni ráńṣì àti Rúgà, ẹ bá mi sọ fún un pé ilẹ̀ ta ni, àti ta ló ń bọ́ ẹran náà, ni ìbéèrè tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tó tún rú àwọn èèyàn lójú jùyẹn lọ ni pé wọ́n rò pé màálù ni iṣẹ́ ẹni tó ní ráńṣì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún kejì tí mo ti ń bá Bàámi lọ sí oko ni mo tó rí i pé àgbẹ̀ koríko ni wá. Koríko là ń gbìn, koríko là ń ro, koríko là ń fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò tí òjò bá fẹ́ lọ. Màálù ló kàn ń bá wa kórè rẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ di ẹran àti wàrà. Ẹni tó bá ra màálù kó tó gbin koríko ti fi orí iṣẹ́ sí ẹsẹ̀.

Kí èyí lè yé yín, ẹ jẹ́ ká wo inú màálù. Ikùn rẹ̀ ní yàrá mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ṣàkì ní Ọjà Ọba ti rí àkọ́kọ́, òun náà ló tóbi jù, èyí tí ojú rẹ̀ rí bíi táwẹ́ẹ̀lì. Èyí tó ní ojú bí afárá oyin ni ìkejì. Ìkẹta ní ìpele-ìpele bí ojú ìwé. Ìkẹrin ló ń ṣiṣẹ́ bí ikùn tiwa, tó ń tú omi kíkan sórí oúnjẹ. Màálù kì í jẹ koríko rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Á kọ́kọ́ já a, á gbé e mì sínú ṣàkì, á wá wá ibi tí òjìji wà dùbúlẹ̀ sí, á máa pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, á máa rún un. Ìyẹn ni àpọ̀jẹ. Ó lè lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lórí àpọ̀jẹ nìkan.

Nínú ṣàkì yẹn ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ń gbé, wọ́n pọ̀ ju iye lọ. Àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú koríko palẹ̀. Ikùn èèyàn ò lè ṣe é, màálù fúnra rẹ̀ ò lè ṣe é láìsí wọn. Nígbà tí a bá ń fún màálù lóúnjẹ, àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn là ń bọ́ ní tòótọ́, wọn ò sì fẹ́ kí oúnjẹ yí padà lójijì. Tí a bá fẹ́ gbé ẹran kúrò lórí koríko tútù bọ́ sí oúnjẹ mìíràn, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta la fi ń yí i, díẹ̀díẹ̀. Màálù tó bá já wọ inú ìsọ̀ àgbàdo, tó jẹ àgbàdo gbígbẹ ní àjẹyó, inú rẹ̀ á kan gógó, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn tó ń jẹ̀ nídìí ààtàn nínú ìgboro náà ní ewu tiwọn: ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n bá gbé mì kì í dà, inú ṣàkì ló ń wà. Ẹ bi àwọn alápatà, wọ́n á sọ iye ìgbà tí wọ́n ti bá òkìtì ọ̀rá níbẹ̀.

Obìnrin inú kòrópe yẹn, tó ń bẹ̀rù pé màálù á kú sínú ilé, ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Màálù ráńṣì kì í gbé inú ilé. Ó ń rìn, ó ń jẹko, ó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, kìkì pé orí ilẹ̀ olówó rẹ̀ ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìrìn tó jìnnà gan-an ni kì í ṣe ẹran láǹfààní. Màálù tó bá ń rin kìlómítà mẹ́wàá lójúmọ́ kó tó rí jẹ, ẹran ara rẹ̀ ló fi ń sanwó ọkọ̀.

Ó wá ku ìṣirò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò ìjọba àti ti aládàáni ti ń ṣubú. Màálù tó wọn 300 kílò ń jẹ nǹkan bíi kílò 7.5 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Ẹ má gbàgbé pé omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù: kílò mẹ́rin rẹ̀, tí oòrùn bá gbẹ ẹ́, ó lè má ju kílò kan lọ. Nítorí náà, màálù kan á nílò ọgbọ̀n kílò koríko tútù ó kéré tán. Ogún màálù á jẹ 600 kílò lójúmọ́, lójoojúmọ́, òjò ì báà rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ì báà dé. Ti ọdún kan, tí a bá fi gbígbẹ ṣírò rẹ̀, sún mọ́ tọ́ọ̀nù 55.

Omi náà ńkọ́? Màálù kan lè mu 40 lítà ní ọjọ́ tí oòrùn mú. Ogún jẹ́ 800 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlélọ́gbọ̀n. Kí a tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí oko wa, orí ọmọ ènìyàn ló ń ru omi yẹn láti odò, mo sì wà lára àwọn tó rù ú.

Hẹ́kítà mẹ́wàá ni ilẹ̀ wa. Hẹ́kítà kan tó nǹkan bíi pùlọ́ọ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tí wọ́n ń wọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ẹni tó bá gbọ́ pé pùlọ́ọ̀tì 150 ni à ń fi sin ogún màálù péré máa ń la ẹnu sílẹ̀. Àmọ́ ti koríko tí a gbìn tí a sì ń tọ́jú nìyẹn o. Orí koríko ìgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, ogún màálù kan náà lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ilẹ̀ náà. Nígbà míì tí ẹnì kan bá tún dìde pé òun fẹ́ kó ẹgbẹ̀rún màálù sí ráńṣì kan, ẹ béèrè iye hẹ́kítà koríko tó gbìn lọ́wọ́ rẹ̀.

A pín hẹ́kítà mẹ́wàá náà sí ìpín mẹ́wàá. Màálù á lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ìpín kan, a ó wá ṣílẹ̀kùn fún wọn bọ́ sí èkejì. Kí wọ́n tó padà sí ti àkọ́kọ́, yóò ti sinmi fún ọjọ́ 36. Àwọn àlejò máa ń bi wá pé kí ló dé tí a ò kàn ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ìdí ni pé koríko tí wọ́n bá ti já, inú gbòǹgbò rẹ̀ ló ti ń yọ́ oúnjẹ tó fi ń rú ewé tuntun. Ewé tuntun yẹn ló sì dùn lẹ́nu màálù jù. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀, orí ewé tuntun náà ni wọ́n máa padà sí lọ́jọ́ kẹfà, ìkeje. Gbòǹgbò á tún yọ́ èyí tó kù, wọ́n á tún já a. Bí ẹni tó ń gba owó ní báńkì láìfi kọ́bọ̀ sí i ni. Láàárín ọdún méjì koríko gidi á ti kú, àwọn èpò tí màálù kì í jẹ á gba ilẹ̀. Ìsinmi yẹn tún ń gbà wá lọ́wọ́ aràn díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ọmọ wọn tó wà lórí ewé á ti kú kí ẹran tó dé.

Ọgbà tó yí ìpín wọ̀nyí ká, wáyà ẹlẹ́gùn-ún la fi ṣe òde rẹ̀. Ti inú, igi agúnmániyè ni. Ẹ̀ka rẹ̀ la gé tí a rì mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó sì hù. Ó ń di ọgbà, ewé rẹ̀ tún jẹ́ oúnjẹ fún màálù nígbà tí koríko bá gbẹ. Mo fẹ́ràn igi yẹn púpọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dán ẹni tó ní ráńṣì wò. Ní agbègbè Òṣogbo, òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, koríko á pọ́n, igi rẹ̀ á le, agbára inú rẹ̀ á ti tán. Màálù lè jẹ ẹ́ kí ikùn rẹ̀ kún, kó sì máa rù. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn darandaran ń kó ẹran rìn jìnnà, ìgbà náà sì ni ìjà oko máa ń pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, torí ohun tútù kan ṣoṣo tó kù lórí ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ àgbẹ̀ etí odò. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ráńṣì jẹ́ ráńṣì lóòótọ́, kó lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kejì. Ní oṣù Kẹjọ, ilẹ̀ gbogbo ló tutù.

Ohun tó ń gba ẹ̀ẹ̀rùn kọjá fún wa ni síléèjì. Orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu, àmọ́ kò sí ìyá ológì kan ní Òṣogbo tí kò mọ ọgbọ́n inú rẹ̀. Tí ìyá ológì bá rẹ àgbàdo, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, tó jẹ́ kó kan, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni síléèjì. Ní oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án, a ń gé eèsún àti igi àgbàdo tí ọmọ rẹ̀ ò tíì gbó. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó jẹ́ kí oòrùn fà á rọ díẹ̀, a ó wá kó o sínú kòtò tí a ti tẹ́ ọ̀rá sí, a ó máa gùn ún mọ́lẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹbí ló ń gùn ún. Afẹ́fẹ́ la fẹ́ lé jáde, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà, jíjẹrà ló máa jẹrà, kò ní kan. Tí kòtò bá kún, a ó fi ọ̀rá bò ó, a ó fi erùpẹ̀ àti táyà tó ti gbó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọdún àkọ́kọ́ tí a dán an wò, a ò rí i pé eku ti dá ihò sára ọ̀rá. Òjò ìparí wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i ní oṣù Kejìlá, apá kan dúdú, ó ń rùn bí ìgbẹ́, èbu ti bo òkè rẹ̀. A kó èyí tó bàjẹ́ dànù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta rẹ̀, a sì ta màálù méjì ní owó tí kò tó kí oúnjẹ tó kù lè ká àwọn yòókù. Mo ṣì rántí bí Bàámi ṣe dúró létí kòtò yẹn láìsọ̀rọ̀. Síléèjì tó dára kì í dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n bí ewé tí wọ́n fi wé mọ́ínmọ́ín, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti omi ògì. Tí èbu bá hù lára rẹ̀, ẹ má fún ẹran aboyún, ó lè mú oyún bàjẹ́.

Èèpo ẹ̀gẹ́ náà ń ràn wá lọ́wọ́. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní oko tó yí wa ká ni à ń rà á lọ́wọ́ wọn, wọn ì bá ti dáná sun ún. Àmọ́ oró wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, sáyánáìdì ni wọ́n ń pè é, ó sì lè pa ẹran. À ń sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí tó fi gbẹ kí a tó gbé e síwájú màálù. A tún ń po eèrí àgbàdo mọ́ ọn, àti pàǹtí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdí rẹ̀ kúrò, a ó wá fi kán-ún àti iyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n máa lá.

Ìyẹn ni ti oúnjẹ. Ti iṣẹ́ òòjọ́ kò ní ariwo púpọ̀. Àlàájì tó ń bá wa tọ́jú ẹran, ọmọ Fúlàní ni wọ́n, ìtòsí Òṣogbo níbí ni wọ́n ti bí wọn, Yorùbá wọn dán ju ti àwọn ọmọ wa lọ. Wọ́n á ti jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Tí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á gba inú ẹran kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, wọ́n bi mí léèrè pé, "Àbúrò, kí lo kọ́kọ́ ń wò?" Mo ní ojú rẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Rárá o. Wo ìgbẹ́ rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, wo ẹni tó ń jẹ àpọ̀jẹ àti ẹni tí kò jẹ." Màálù tí ara rẹ̀ dá, òwúrọ̀ kùtù, ẹnu rẹ̀ ń lọ, imú rẹ̀ tutù. Èyí tó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí etí rẹ̀ wálẹ̀, tí kò pọ oúnjẹ, nǹkan ń ṣe é. Tí ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn rẹ̀ bá wú bí ìlù, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ló há sínú ṣàkì, ó sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀.

Àwọn kan ń bínú pé kí ló dé tí Fúlàní fi wà nínú oko wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tọkàntọkàn: ìmọ̀ tí Àlàájì ní, bàbá wọn ló fi lé wọn lọ́wọ́, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lè lọ tí mo fi lè kọ́ gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ìbáṣepọ̀ yìí ò sì jẹ́ tuntun. Láti ìgbà àwọn bàbá wa ni Yorùbá ti ń ra màálù tí wọ́n ń fi sí ọ̀dọ̀ Fúlàní kó máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. Wàrà ni owó ọ̀yà olùtọ́jú, nígbà míì wọ́n á fi ọmọ màálù kan kún un. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo màálù tí ẹ bá rí níwájú Fúlàní ló jẹ́ ti Fúlàní. Ní ti Àlàájì, owó oṣù ni à ń san fún wọn, wàrà sì jẹ́ ti ìyàwó wọn.

Ìyàwó wọn ló ń fún wàrà. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ màálù mu ọmú díẹ̀, torí ìyá kì í tú wàrà sílẹ̀ tí kò bá rí ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fà á sẹ́yìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Màálù funfun oníwo gígùn tí gbogbo wa mọ̀ yìí, lítà kan tàbí méjì ni à ń rí lára rẹ̀ lójúmọ́ yàtọ̀ sí ti ọmọ rẹ̀. Ti òyìnbó tó dúdú tó tún funfun lè fún lítà ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ooru wa àti àìsàn wa ò bá a lára mu, oúnjẹ tó ń jẹ kò sì ṣeé fi wé ti tiwa. Wàrà tí ẹ ń rà ní Òṣogbo, tí wọ́n dín tàbí tí wọ́n rì sómi, inú wàrà tútù tí wọ́n gbé ka iná ló ti wá. Oje ewé bọmubọ́mu ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tó fi ń dì. Ìgbóná iná yẹn ṣe pàtàkì. Wàrà tútù tí kò tíì rí iná lè kó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn bruselosisi, tí ń mú ibà àti oríkèé ríro, lọ sára èèyàn. Ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó fún yín dára tó.

A máa ń sọ pé màálù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ní ilẹ̀ wa, eṣinṣin ju ohun tí ìrù lè lé lọ. Eṣinṣin tsetse ń gbé inú igbó etí odò, ó sì ń kó àrùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára màálù. Ìdí pàtàkì nìyẹn tí màálù oníké ò fi pọ̀ nílẹ̀ igbó látijọ́. Mùtúrù, màálù kékeré tí kò níké, fara da àrùn náà. Kétékú, tí ẹ̀jẹ̀ mùtúrù àti ti oníké pàdé lára rẹ̀, fara dà á díẹ̀. A ní kétékú mẹ́rin. Wọn ò tóbi, àmọ́ nínú òjò tí àwọn funfun ń rù, àwọn ò mọ nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má ṣe fi í ṣeré. Ọdọọdún ni dókítà ẹran ń gún tiwa nítorí àrùn ẹ̀dọ̀fóró màálù. Ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́: àrùn rinderpest, tó pa màálù rẹpẹtẹ ní Áfíríkà láyé àwọn baba ńlá wa, wọ́n kéde lọ́dún 2011 pé ó ti tán pátápátá láyé. Àjẹsára ló parí rẹ̀. Àrùn àǹtíráàsì ní tirẹ̀ ṣì wà. Ní oṣù Keje ọdún 2023 wọ́n rí i ní Súlèjà ní ìpínlẹ̀ Niger. Tí màálù bá ṣubú kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní imú tàbí ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúńbú rẹ̀, kó má bó o, kó má jẹ ẹ́. Wọ́n ń sin ín jìnnà sínú ilẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni, mo mọ̀ bó ṣe ń dun èèyàn, àmọ́ ọwọ́ tó bá fi ọ̀bẹ kan ẹran yẹn lè kó ikú wọlé.

Owó rẹ̀ kì í yá. Abo màálù ń lóyún fún oṣù mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Ẹ̀gbọ̀rọ̀ màálù tiwa lè tó ọdún mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin kó tó bí àkọ́bí. Tí abo mẹ́wàá bá wà nínú agbo, ọmọ márùn-ún sí méje lọ́dún ni ká dúpẹ́ lé. Ohun tó ń yára wọlé ni ìgbẹ́ rẹ̀: àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátò létí odò ń wá rà á, a ó ti kó o jọ fún oṣù mélòó kan kó lè jẹrà, torí tútù rẹ̀ ń jó ọ̀gbìn.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ ni èyí: "Mo ní pùlọ́ọ̀tì méjì lẹ́yìn ilé, ṣé mo lè ṣe ráńṣì?" Rárá. Pùlọ́ọ̀tì méjì ò lè bọ́ màálù kan yí ọdún po. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ra akọ màálù kan tàbí méjì tó rù ní kárà, oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú Iléyá, kí ẹ kọ́ ilé kékeré tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ fún wọn, kí ẹ fún wọn ní oògùn aràn ní ọjọ́ tí wọ́n dé. Kí ẹ máa gé eèsún wá bá wọn, kí ẹ máa ra èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti eèrí, kí omi má wọ́n níwájú wọn. Ẹ gbin eèsún sí pùlọ́ọ̀tì kejì kí ẹ tó lọ ra ẹran náà. Tí ó bá ti ga dé orúnkún yín, ẹ lè lọ sí kárà.